Díkódà mẹ́ta fún ẹ́ńjìnnì yáàdì kékeré: LokPilot 5 micro, LokSound 5 micro àti Tsunami2 TSU-1100

Ẹ́ńjìnnì yáàdì ni ọkọ̀ ojú irin tó ń to wágọ̀nù sípò ní ibùdó; àwòṣe rẹ̀ kékeré tí a fi ń ṣeré là ń sọ níbí. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe eré sísá. Kó rọra fà, kó rọra tì, kó sún mọ́ wágọ̀nù kó sì fara kàn án láìgbá a dànù, kó tún padà sẹ́yìn bí ẹni tó ń yọ́ rìn: ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Nítorí náà, díkódà, ìyẹn pátákó kékeré tó ń gba àṣẹ rìmóòtù tó sì ń darí mọ́tọ̀, tó bá máa wọ inú rẹ̀, ibi tó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ la ti máa ń dán an wò, kì í ṣe ibi tó ti ń sáré.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni SW1, NW2, SW7 àti SW1200 ti EMD, S-1 àti S-2 ti Alco, pẹ̀lú 44-tonner ti GE (ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), ní ìwọ̀n HO tó jẹ́ 1:87, lórí irin tí àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 lọ. Irin wíwúwo sì ti kún inú bọ́dì rẹ̀ dẹ́nu kó lè lágbára fa ẹrù. Nínú àyè tóóró yẹn ni díkódà, wáyà, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, sípíkà àti kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ de ìgbà tí iná orí irin bá já) ti máa bá ara wọn du ibi tí wọ́n máa jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí a fì sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí àyè ò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ fi ohùn sílẹ̀. Ẹ ra LokPilot 5 micro tí kò ní ohùn, kí ẹ fi àyè tó ṣẹ́ kù gbé kapásítọ̀ tó tóbi. Ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ tó sì ń rìn geere dára ju èyí tó ń bú ramúramù tó sì ń kú sójú oríta irin lọ.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí DCC, ètò tí a fi ń rán àṣẹ sí ọkọ̀ ojú irin kékeré gba ara irin, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì ló ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣeré ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ di ìlànà ní 1994. Nínú rẹ̀, iná orí irin kì í lọ sókè sódò nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yára tàbí kó dẹwọ́. Ojú kan ló máa ń wà, nǹkan bíi 14V lórí HO, ó kàn ń yí orí padà ṣáá ni. Tí apá kọ̀ọ̀kan nínú yíyí náà bá gba máíkírósẹ́kọ́ńdì 58, díkódà á kà á sí 1. Tó bá gba 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á kà á sí 0. Ohun tí rìmóòtù ọwọ́ yín ń sọ nìyẹn, díkódà ló ń gbọ́ ọ tó sì ń pín iná fún mọ́tọ̀.

Díkódà yìí, kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní díkódà, tí iná bá já lábẹ́ rẹ̀ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá, fláíwììlì, irin wíwúwo róbótó tó ń bá mọ́tọ̀ yí, á gbé e kọjá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n tí iná bá já lábẹ́ èyí tó ní díkódà, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kú nìyẹn. Tó bá jí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: iná á ṣẹ́jú, ohùn á padà sí ibi tí wọ́n ti ń táàtì ẹ́ńjìnnì, mọ́tọ̀ á tún máa gun eré rẹ̀ láti òdo. Ẹni tó rò pé díkódà máa wo ẹ́ńjìnnì tó ń ta kọ́sẹ̀ sàn, kàkà kí ewé àgbọn rẹ̀ dẹ̀, líle ni yóò máa le sí i.

LokPilot 5 micro ti ESU

Ilé iṣẹ́ ESU wà ní Neu-Ulm ní Jámánì. Díkódà yìí lè gbé 0.75A lọ sí mọ́tọ̀ láìdáwọ́ dúró, ó sì kéré débi pé ó lè bọ́ sábẹ́ òrùlé bọ́dì láìgé férémù rárá nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì HO. Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń mú mọ́tọ̀ dúró lórí eré kékeré. Ó ń gbọ́ iná tí mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá padà nígbà tó ń yí, ó sì ń fi ìyẹn mọ̀ bóyá ó ń fẹ́ dúró, kó tó fi kún agbára tàbí dín in kù.

Ẹ ò ní láti fọwọ́ wá nọ́ńbà tó bá mọ́tọ̀ yín mu. Ẹ fi 0 sínú CV54 (CV ni àyè tí díkódà ń tọ́jú nọ́ńbà ètò rẹ̀ sí), ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sórí irin tó tọ́ tó sì gùn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì F1 lórí rìmóòtù. Á ta kìjí lọ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀, á wá dúró. Ó ti wọn mọ́tọ̀ náà nìyẹn, ó sì ti kọ ohun tó rí pa mọ́. Ẹ má ṣe é lórí tábìlì tí irin rẹ̀ kúrú, torí ẹ́ńjìnnì náà ò mọ ibi tí tábìlì parí sí. Kó tó di pé ẹ ṣe é, ẹ rí i pé gíà mọ́ tónítóní, ẹ ti kán epo díẹ̀ sí i, mọ́tọ̀ sì ti gbóná díẹ̀. Tí irun tàbí gíríìsì tó ti gan bá wà nínú gíà, ìdíwọ́ yẹn náà ni díkódà máa wọ̀n mọ́ mọ́tọ̀, ẹ ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ gíà.

Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ibi tí ẹ máa jó wáyà kapásítọ̀ mọ́ kéré gan-an. Ó gba irin ìjólẹ́ẹ̀dì tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóṣóró, 25W sí 30W, àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́ẹ̀dì jíjó, kó fi pátákó díkódà tó ti bàjẹ́ kọ́ ọ ná.

LokSound 5 micro

Apá tó ń darí mọ́tọ̀ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti LokPilot, 0.75A náà ni. Ohùn ni wọ́n fi kún un: ipa ọ̀nà ohùn mẹ́wàá tó lè dún pọ̀, 16-bit, pẹ̀lú sípíkà kékeré tó jẹ́ mìlímítà 11 ní fífẹ̀ àti 15 ní gígùn tó bá a wá. Ẹ lè pa ohùn inú rẹ̀ rẹ́ kí ẹ kó òmíràn sí i, tí ẹ bá ní LokProgrammer, àpótí tí ESU fi ń so díkódà mọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹ́ńjìnnì yáàdì, torí ohùn wọn ò jọra. NW2, SW7 àti SW1200, ẹ́ńjìnnì 567 onísílíńdà 12 ló wà nínú wọn. SW1 ní 567 onísílíńdà 6. S-2 ní Alco 539T. 44-tonner sì ní Caterpillar D17000 méjì. Etí tó bá mọ̀ wọ́n á yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ò sì gbà pé kí ẹ fi ohùn SW1200 sínú 44-tonner kí ẹ sì pè é ní iṣẹ́ tó parí.

Ohun kan tó mú kó yẹ fún yáàdì ni Drive Hold. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, eré mọ́tọ̀ á dúró síbi tó wà, rìmóòtù á sì di ti ohùn nìkan. Ẹ lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa hó bíi pé ó ń fa ẹrù ńlá, nígbà tó jẹ́ pé ó ń yọ́ lọ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ tú u sílẹ̀, rìmóòtù á padà sídìí mọ́tọ̀.

Ibi tó ti le ni pé láìsí LokProgrammer, púpọ̀ nínú ètò rẹ̀ wà lẹ́yìn CV31 àti CV32, tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí kí ẹ tó dé ojú ewé tí ẹ ń wá. Gbogbo ohùn lápapọ̀ rọrùn ní tirẹ̀, CV63 ni, láti 0 dé 192. Nínú bọ́dì kékeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 60. Sípíkà kékeré tí wọ́n bá fún ní agbára jù á máa ya, ike bọ́dì á sì máa gbọ̀n tẹ̀ lé e.

Tsunami2 TSU-1100

Èyí jẹ́ ti SoundTraxx ní Durango, ìpínlẹ̀ Colorado. Ó lè gbé 1A, nítorí náà ó ní àlàfo díẹ̀ ju ti ESU lọ fún mọ́tọ̀ àgbà. Ohùn inú rẹ̀ ò ṣeé pààrọ̀, àmọ́ wọ́n ti kó oríṣiríṣi sínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, CV123 lẹ sì máa fi yan èyí tó bá ti yín mu, CV120 fún fèrè, CV128 fún gbogbo ohùn lápapọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan kan, tó fẹ́ jókòó pẹ̀lú rìmóòtù nìkan kó parí iṣẹ́, èyí ni a máa ní kó mú. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń rà: ẹ̀dà EMD wà, ẹ̀dà Alco wà, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Ó tún gùn ju LokPilot lọ dáadáa. Nínú ẹ́ńjìnnì tí férémù irin ti gba gbogbo àyè, ẹ ó fáìlì tàbí kí ẹ fi ayùn gé kúrò nínú irin yẹn, bẹ́ẹ̀ irin tí ẹ bá gé ni agbára ìfàrù tó lọ. Lójú tiwa, lórí eré tó kéré jù lọ, ti ESU rọ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Lórí eré àárín, a ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Kí ẹ tó ra ọ̀kankan

Ohun méjì ni ẹ máa wọ̀n. Èkíní ni iná tí mọ́tọ̀ ń jẹ nígbà tí kò lè yí. Ẹ so mítà mọ́ mọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọn áńpù, ẹ fún un ní 12V gidi, kí ẹ fi ìka méjì di fláíwììlì mú títí tó fi dúró pátápátá. Ẹ wo nọ́ńbà, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ kíá. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ti pọ̀ jù, wáyà inú mọ́tọ̀ lè jóná. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tí díkódà lè gbé. Ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀ tuntun ò ní dé 0.75A, ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ ẹ́ńjìnnì Athearn àtijọ́ lè kọjá 1A dáadáa. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ mọ́tọ̀ náà, ẹ má ṣe wá díkódà ńlá tí kò ní wọlé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ 44-tonner ti Bachmann ní mọ́tọ̀ méjì, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ohun tí àwọn méjèèjì ń jẹ ni ẹ máa rò pọ̀.

Èkejì ni àyè. Ẹ mọ amọ̀ rírọ̀ bíi díkódà ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní nínípọn, ẹ gbé e sórí férémù, kí ẹ fi bọ́dì bò ó. Tí bọ́dì ò bá jókòó dáadáa, tàbí tí ẹ rí ojú fláíwììlì lára amọ̀ náà, kò gbà á nìyẹn.

Yíya mọ́tọ̀ kúrò lára férémù

Ibí yìí ni díkódà ti máa ń kú jù, a ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ gba iná láti ọ̀dọ̀ díkódà nìkan. Tí ojú rẹ̀ kan bá fara kan férémù, tí férémù náà sì ń gba iná láti ara irin, iná orí irin á já sẹ́nu ibi tí díkódà ti ń tú iná jáde, èéfín á sì jáde kí ẹ tó gbọ́n.

Ẹ mú ẹ́ńjìnnì Athearn àtijọ́, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí búlúù. Ẹ yọ bọ́dì, ẹ fà mọ́tọ̀ jáde; rọ́bà ló fi di férémù mú, kò ní síkúrù. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹ ó rí ike mọ́tọ̀, ẹ ó sì rí irin pẹlẹbẹ aláwọ̀ bàbà kan tó fi ara mọ́ ọn nísàlẹ̀, tí eyín ṣóńṣó méjì yọ lára rẹ̀ sódò. Eyín méjì yẹn ló ń gún férémù, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé. Ẹ yọ irin pẹlẹbẹ náà pẹ̀lẹ́, torí sípíríńgì kékeré wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ti búrọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń gbé iná wọ inú mọ́tọ̀) mọ́ mọ́tọ̀, tó bá sì fò, kò rọrùn láti rí. Ẹ gé eyín méjèèjì, ẹ fáìlì ojú rẹ̀ kó dán, kí ẹ jó wáyà díkódà aláwọ̀ eérú mọ́ ọn kí ẹ tó dá a padà, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wà lára mọ́tọ̀, torí ooru á yọ́ ike. Irin òkè, èyí tí irin gígùn máa ń kàn lórí, ni ẹ máa jó wáyà aláwọ̀ ọsàn mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ téèpù Kapton, tí iná kì í gbà kọjá, ìpele méjì sí ìsàlẹ̀ férémù níbi tí mọ́tọ̀ máa jókòó sí.

Ẹ mú mítà, ẹ gbé e sí ibi tó ti ń ké. Ẹ fi ojú rẹ̀ kan kan búrọ́ọ̀ṣì òkè, ẹ fi ojú kejì kan táyà ọ̀tún, lẹ́yìn náà táyà òsì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún búrọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀. Ìgbà mẹ́rin lápapọ̀, mítà ò sì gbọdọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ké, ẹ má so díkódà.

Wáyà àti iná

Àwọ̀ wáyà jọra lára gbogbo díkódà tó tẹ̀ lé ìlànà NMRA: pupa lọ sí irin ọ̀tún, dúdú sí irin òsì, ọsàn àti eérú sí mọ́tọ̀, funfun sí iná iwájú, yẹ́lò sí iná ẹ̀yìn, búlúù sì ni orísun iná fún gbogbo iná àti àfikún. Tí ẹ́ńjìnnì yín bá ní ihò onípíìnì mẹ́jọ, ẹ kàn máa ki díkódà bọ̀ ọ́ ni. Tí ẹ bá kì í sódì, kò ní jóná: ẹ́ńjìnnì á rìn, àmọ́ iná kankan ò ní tàn. Ẹ yí i padà.

Fún LED funfun, ẹ fi rẹsísítọ̀ 1kΩ sójú wáyà búlúù, kó lọ sí ẹsẹ̀ gígùn LED. Ẹsẹ̀ kúkúrú gba wáyà funfun tàbí yẹ́lò. Rẹsísítọ̀ ọ̀tọ̀ fún LED kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ fi gílóòbù kékeré 1.5V tó ń jẹ 15mA, rẹsísítọ̀ tó súnmọ́ 700Ω ló máa gbà. Ẹ rántí pé nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ẹsẹ̀ gílóòbù kan máa ń kan férémù. Ẹ gé e kúrò níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mìíràn ti ṣí fún iná orí irin láti wọ inú díkódà.

Ẹ má ṣe fi rọ́bà tó ń fún mọ́ra di gbogbo ara díkódà pinpin. Ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Kapton ìpele kan lábẹ́ rẹ̀ tó.

Kapásítọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ẹ́ńjìnnì yáàdì tó ń yọ́ lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi kìlómítà 3 ní wákàtí ni tó bá jẹ́ ọkọ̀ gidi, eré ìsowọ́ wágọ̀nù nìyẹn. Ká ní ó ń jẹ 100mA, tí díkódà sì lè fara da kí iná fi 5V dín kù kó tó kú. Kapásítọ̀ 1000µF á gbé e fún ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, tó túmọ̀ sí pé kò ní lọ ju ìdajì mìlímítà lọ. Ìyẹn lè kọjá ẹyọ eruku kan, kò lè kọjá ike àárín oríta irin, níbi tí kò sí iná. Kapásítọ̀ 220µF, ẹ má wulẹ̀ dààmú.

Kapásítọ̀ ńlá onífáráàdì ni ojútùú. Ẹ mú ẹyọ mẹ́fà, 1F 2.7V ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ so wọ́n ní ìlà kan, rere mọ́ òdì. Lápapọ̀ wọ́n á gba 16.2V, agbára wọn á sì jẹ́ nǹkan bíi 0.17F. Ìṣirò kan náà á fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Oríta kankan ò lè dá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ dúró. Márùn-ún á gba 13.5V, ó sì há jù fún irin oní-14V. Mẹ́fà ló fọkàn balẹ̀.

Ẹ má ṣe so ó tààrà. Láti rere kapásítọ̀ sí wáyà búlúù, ẹ fi rẹsísítọ̀ 100Ω, 1W, kí kapásítọ̀ má baà gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀rọ olùdarí wá rò pé irin ti kan ara wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹsísítọ̀ yẹn, ẹ so dáyóòdù 1N4001 kan, kí ìlà funfun ara rẹ̀ kọjú sí búlúù, kí iná lè padà sínú díkódà láìsí ìdíwọ́. Òdì kapásítọ̀ lọ sí ojú òdì tó wà lára pátákó díkódà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe wáyà dúdú o! Wáyà dúdú, irin òsì ni, iná rẹ̀ sì ń yí orí padà ní gbogbo ìgbà. Kapásítọ̀ tí wọ́n bá so mọ́ ọn á wú, á sì bẹ́.

Tí ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ ṣe é, ESU ní PowerPack, SoundTraxx ní CurrentKeeper, TCS ní Keep-Alive. Ohun tó mú ti ESU dára ni pé díkódà fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ ìgbà tí kapásítọ̀ máa gba iná. Ẹ má ṣe so ti ilé iṣẹ́ kan mọ́ díkódà ilé iṣẹ́ mìíràn láìwo ìwé atọ́nà méjèèjì.

Ibo la máa gbé e sí? Ilé awakọ̀ ni àyè pọ̀ sí jù, ẹ kun kapásítọ̀ ní dúdú, ẹ tò ó sísàlẹ̀ fèrèsé. Nínú 44-tonner tí ilé awakọ̀ wà láàárín, tí kò sì sí àyè kankan mìíràn, ẹ lè so wágọ̀nù kan mọ́ ẹ́ńjìnnì títí láé kí ẹ gbé kapásítọ̀ sínú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà méjì rírọ̀ tó ń kọjá láàárín wọn.

Kapásítọ̀ ò sì dípò ẹsẹ̀ tó mọ́. Ẹ tẹ́ pépà ìnuwọ́ tí ẹ fi sípírítì rin sórí irin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì lé e, ẹsẹ̀ kejì lórí irin tó mọ́, kí ẹ jẹ́ kó yí. Ẹ ó rí ìlà dúdú méjì lórí pépà. Ẹ máa sún pépà títí ìlà náà á fi pòórá. Tí táyà kan bá wà tí kò gba iná, ẹ jó wáyà bàbà onísípíríńgì, mìlímítà 0.25 sí 0.3, kó máa fara kan ẹ̀yìn táyà náà fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́ jù, á di bíréèkì.

Ohùn

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Sípíkà láìsí àpótí tó dí lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dún, á kàn máa sín ni. Ẹ fi gọ́ọ̀mù di gbogbo etí àpótí náà, kí afẹ́fẹ́ má gba ibì kankan. Kó ṣe é ṣe kí ohùn jáde, ẹ gbé ojú sípíkà sí ibi tí ihò wà, bíi abẹ́ gíríìlì iwájú. Sípíkà 8Ω ló bá LokSound 5 micro mu, 4Ω náà ṣeé lò. Sípíkà 100Ω ti díkódà àtijọ́ ò ní pa á, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Títo nọ́ńbà

Ẹ gbé e sórí irin ìtò ná, ìyẹn irin tí a yà sọ́tọ̀ fún títo nọ́ńbà díkódà, kì í ṣe orí irin ńlá, torí iná ibẹ̀ ní ìwọ̀n, àṣìṣe wáyà ò sì ní tètè pa díkódà. Ẹ ka CV8 kọ́kọ́, èyí tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe díkódà. Tó bá dáhùn, wáyà irin àti ti mọ́tọ̀ wà ní ipò wọn, nítorí mọ́tọ̀ ni díkódà fi ń dáhùn: á fà iná tó tó 60mA fún mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́fà, ẹ ó rí i kó mira díẹ̀. Tí kò bá dáhùn, mọ́tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe díkódà. Kapásítọ̀ tí ẹ fọwọ́ ṣe náà lè bo ìdáhùn yẹn mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ fi síwíìṣì kékeré sójú wáyà rẹ̀ tàbí kí ẹ so ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tán.

Nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì ni ẹ máa fi pè é. Ká ní 1200 ni. Ẹ pín in sí 256, ẹ ó rí 4, 176 á ṣẹ́ kù. Ẹ fi 192 kún 4, ó di 196: CV17 nìyẹn. CV18 ni 176. Lẹ́yìn náà CV29 ní 34, kí díkódà lè dáhùn sí nọ́ńbà gígùn yẹn. Àwọn kan máa ń fi 38 síbẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè rìn lórí irin àtijọ́ tí kò ní DCC náà. Fún ẹ́ńjìnnì tó ní kapásítọ̀, a ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí àṣẹ bá já lórí irin fún ìgbà díẹ̀, díkódà lè rò pé irin àtijọ́ lòun wà, kó ta eré lọ ní gbogbo agbára rẹ̀. Pẹ̀lú 34, ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

CV3 àti CV4 ló ń mú un gbéra díẹ̀díẹ̀ kó sì dúró díẹ̀díẹ̀. Nínú ti ESU, ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún, nítorí náà 40 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti ìdúró dé eré òpin. Fún CV4, ẹ má kọjá 20 títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn, torí ẹ́ńjìnnì tí kì í tètè dúró á gbá gbogbo wágọ̀nù yáàdì. Ẹ dín CV5, eré òpin, kù kó má lè sáré ju ẹ́ńjìnnì yáàdì gidi lọ. Eré tí ẹ bá gé lókè, orí rìmóòtù á wá pín in sí wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sórí oríta tí ike wà láàárín rẹ̀, ẹ fi rìmóòtù sí ìpele 1 nínú 128, kí ẹ jẹ́ kó kọjá lọ, kó padà, láìfọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá kí ẹ tó de síkúrù bọ́dì. Tí ẹ bá sì de bọ́dì tán tó wá ń rìn kìtìkìtì, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tú u: wáyà kan ló ti bọ́ sáàárín fláíwììlì àti bọ́dì, ẹ ó rí ojú ibi tó ti ń hó lára ike rẹ̀.